Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ìjọ àti Ìgbìmọ̀ Orin: Ẹ Kọ́ Ọwọ́ Kí Ẹ Tó Ra Ìlù

Sí ẹ̀yin Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin Olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin Wòlíì àti Alàgbà, ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ orin àti olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àti ní àwọn ìjọ Yorùbá tó wà ní ìlú London, ní Houston àti níbi gbogbo tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń péjọ sìn.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kó tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yóò ta díẹ̀ létí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àfojúdi ló gbé e wá. Bí kì í bá ṣe ti ìjọ, ìwọ̀nba ọmọ Yorùbá ni ì bá ti fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù rí, ìyẹn àkójọpọ̀ ìlù òyìnbó tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó tì, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọ ló rà á, ìjọ ló fún ọmọdé láyè láti jókòó sí i, inú ìjọ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń lùlù fún àwọn olórin ńláńlá lóde òní ti bẹ̀rẹ̀. Oore tí kò ṣeé gbàgbé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ púpọ̀ sì ti ń wọ́ nídìí ìlù lójú ẹ̀yin àgbà. Àṣà kan tó ti fìdí múlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnu gba ìdákẹ́ mọ́. Bí ìkórè bá ń súnmọ́lé, ìgbìmọ̀ a jókòó, wọn a fọwọ́ sí owó dúrọ́ọ̀mù tuntun, wọn a fọwọ́ sí owó máíkì àti sípíkà, àti lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọn a tún fọwọ́ sí owó gíláàsì tí wọ́n fi ń yí onílù ká kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn oníwàásù mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìwé ìnáwó bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ìlà kan tó sọ pé owó olùkọ́ ìlù nìyí. Ariwo tí wọ́n ń náwó lé lórí láti fi gíláàsì sé mọ́lé náà, ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ló ń pa á.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni ti ìgbàgbọ́ tó wà nídìí àṣà yìí, pé ẹ̀bùn ni ìlù lílù, pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá fún, ẹ̀kọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ fi ń di onílù ìjọ ni pé kó máa dúró ti ẹ̀gbọ́n tó ń lù, kó máa wò ó, kó sì máa retí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n náà kò ní wá, kí wọ́n lè sáré gbé e sórí àga. Láti ọjọ́ náà ló ti di onílù. Yóò máa lù lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò máa lù ní ìpàdé àdúrà àti ní ìsìn òru, àṣìṣe tó bá sì bá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò jogún tọwọ́-tẹsẹ̀, tí yóò sì fi lé àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ̀bùn kò sí. Ṣùgbọ́n ìjọ kan náà tó ń sọ èyí nípa ìlù kì í fi ẹni tí kò kọ́ orin kíkà sídìí dùùrù nítorí pé ó lẹ́bùn, ẹ kì í sì í gbé ẹni tí kò mọ Bíbélì kà sórí pẹpẹ pé Ẹ̀mí yóò kọ́ ọ tó bá débẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé onílù nìkan ni ẹ gbà pé kò nílò olùkọ́?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọni di onílù, ìdílé Àyàn ni ì bá kọ́kọ́ pa ẹ̀kọ́ tì, nítorí pé inú ìlù ni wọ́n ń bí ọmọ wọn sí, orúkọ tí wọ́n sì ń sọ ọ́, Àyántúndé, Àyánwálé, Àyánkúnlé, ń kéde iṣẹ́ tó bá wáyé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Ìdí ìlù kéékèèké tó ń tẹ̀lé ni wọ́n máa ń fi sí, níbi tí yóò ti di ohun kan ṣoṣo mú fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìyẹsẹ̀, títí etí rẹ̀ yóò fi mọ àyè rẹ̀ láàrin ìlù yòókù. Bí a bá wo gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, bílálà méjì, ìyẹn awọ líle tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi ń lù ú, ọ̀tún àti òsì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí rẹ̀. Lórí dùndún, ọwọ́ kan di kọ̀ǹgọ́ mú, ọwọ́ kejì ń fún ọṣán tó ń yí ohùn rẹ̀ padà, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ṣì í ṣe nítorí ìkejì. Lórí bàtá, ojú ńlá àti ṣáṣá, ìyẹn ojú kékeré, ní iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí àwọn baba ńlá Yorùbá dé Kúbà pẹ̀lú ìdè lọ́rùn, wọ́n gbé ètò náà lọ: títí di òní, okónkolo tó kéré jù nínú bàtá mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan itótele, kó tó wá di pé wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kan iyá. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ alátòtẹ̀léra kì í ṣe àṣà àjèjì, ẹ̀yin àgbà. Dúrọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n gbé wọlé tí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní rudiments, èyí tí a lè pè ní lílù ìpìlẹ̀: àwọn ètò kúkúrú tó ń sọ bí ọ̀tún àti òsì yóò ṣe pín lílù láàrin ara wọn. Iṣẹ́ ológun ní Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀, láti ayé ìgbà tí ìlù ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọmọ ogun pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n padà. Ní ọdún 1933, àwọn onílù kan pàdé ní Chicago, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NARD sílẹ̀, wọ́n sì to 26 lára àwọn lílù ìpìlẹ̀ yìí jọ. Ní 1984, ẹgbẹ́ Percussive Arts Society sọ wọ́n di 40, iye tí àwọn olùkọ́ ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ọmọ kò ní láti mọ ogójì yìí tán kó tó lùlù fún ìjọ. Mẹ́rin péré, bó bá mọ̀ wọ́n dájú, yóò gbé e kọjá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lùlù lónìí. Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀tún àti òsì máa gbà á fún ara wọn níkọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kí etí má sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èkejì ni méjì-méjì, ọ̀tún-ọ̀tún, òsì-òsì. Ẹ̀kẹta ni paradiddle, tó parapọ̀ méjèèjì: ọ̀tún òsì ọ̀tún ọ̀tún, òsì ọ̀tún òsì òsì; èrè rẹ̀ ni pé lẹ́yìn lílù mẹ́rin-mẹ́rin, ọwọ́ tó ń ṣíwájú a yí padà láìsí pé apá kọjá lórí apá, onílù á sì lè bọ́ láti ìlù kan sí òmíràn láìjanpata. Ẹ̀kẹrin ni flam, níbi tí ọwọ́ kan ti fi lílù kékeré kan fẹ̀yìn ti lílù ńlá ti ọwọ́ kejì, tí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ pọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò bọ́ pọ̀. Lórí pátákó rọ́bà tí kò ju àwo oúnjẹ lọ ni gbogbo èyí ti ṣeé kọ́, láìdá ẹnikẹ́ni lájì, láìsí iná, láìsí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀sùn kejì kan ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ọ̀pá mú, ó sì yẹ kí lẹ́tà yìí dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ariwo àti ìpalára ti jọ ń jáde. Ẹ wo ọmọ tí kò kọ́ ìlù dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀: ẹ ó rí i pé ó fi gbogbo ìka di ọ̀pá mú gírígírí bí ẹni di ọmọ odó mú, èjìká rẹ̀ gòkè, ẹnu rẹ̀ sì fún pọ̀. Ìdìmú tó tọ́ kì í fún. Àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pá ti ń rí ibi yí, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ọ̀pá láti ìdí. Ìka mẹ́ta yòókù kàn fara kàn án ni, wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ láti padà. Ìpadà yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Bí ọ̀pá bá kan awọ ìlù, awọ náà á ta á sókè fúnra rẹ̀. Onílù tó kọ́ṣẹ́ á gbà á, á sì lò ó, débi pé lílù kejì nínú méjì-méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó di ọ̀pá mú gírígírí ti pa ìpadà náà, agbára tó yẹ kó gbé ọ̀pá sókè á sì gba ọrùn ọwọ́ lọ sí ìgúnpá. Ibẹ̀ ni iṣan wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìka tó ń kú nídìí ìlù ti ń wá, àwọn ọmọ á sì máa fi róòbù ra á bí ẹni tí ọwọ́ ń ro látàrí oko ríro.

Ìdìmú tó gbajúmọ̀ jù lónìí ni èyí tí ọwọ́ méjèèjì ti rí bákan náà, ó sì ní oríṣi mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ orílẹ̀-èdè pè. Nínú ti Jámánì, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ó sì dára fún agbára. Nínú ti Faransé, àtàǹpàkò wà lókè, ìka ló ń ṣiṣẹ́, ó sì dára fún ìyára àti lílù pẹ̀lẹ́. Ti Amẹ́ríkà wà láàrin méjèèjì. Ìdìmú àtijọ́ tún wà, níbi tí òsì ti gba ọ̀pá láti ìsàlẹ̀, nítorí pé ìlù àwọn ọmọ ogun a máa gbékọ́ ní èjìká, a sì máa da ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn onílù jazz kò tíì fi í sílẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú wọn. Ohun tó jẹ́ àléébù ni pé kí ọmọ lùlù fún ọdún mẹ́wàá láìmọ èyí tó ń lò tàbí ìdí tó fi ń lò ó.

Ní ti ariwo, gíga tí ọ̀pá ti bọ̀ ló ń pinnu bí ìlù yóò ti ké tó, kì í ṣe ìbínú ẹni tó lù ú. Ẹ̀kọ́ wà fún èyí náà: lílù tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì padà sókè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó dúró sí ìsàlẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ tí kò kúrò níbẹ̀, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó gòkè láti múra sílẹ̀ fún lílù ńlá. Ẹni tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè lùlù lábẹ́ àdúrà láìjí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní ohùn kan ṣoṣo, igbe. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì kò fi jẹ́ ojútùú. Ó kàn ń ta ariwo náà padà sí etí ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀ ni. Ìlànà àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé etí lè gba ìwọ̀n ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8, pé bó bá fi 3 lé e, àkókò náà á dín sí ìlàjì, èyí tó túmọ̀ sí pé ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìsìn wo ni ìyìn àti ìdúpẹ́ rẹ̀ kì í kọjá ìṣẹ́jú 15?

Ẹ̀sùn kẹta ni ti ìbáṣepọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ onílù ìjọ rò pé àyàfi kí a bí i mọ́ni. Láyé àtijọ́, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń lu ohun tí onílù kan ń lù lónìí. Lẹ́yìn tí William F. Ludwig ṣe pẹ́dà tó yára fún ìlù ńlá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní kíìkì, ní 1909, tí hi-hat alẹ́sẹ̀, ìyẹn aro méjì tí ẹsẹ̀ ń pa pọ̀, sì dé ní àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ gbogbo wọn bọ́ sọ́rùn ẹnì kan. Ọdún 1948 ni Jim Chapin tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeé kọ́ láti máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì di ohun kan mú láìyí padà, kí òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún máa dá sí i lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ rọrùn láti sọ, ó sì nira láti fara dà. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lù, títí kò fi ní ronú sí i mọ́. Wọn á fi ẹsẹ̀ kan kún un, wọn á máa ka iye rẹ̀ sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí ohunkóhun bá dàrú, wọn á yọ èyí tí wọ́n fi kún un kẹ́yìn, wọn á dín ìyára kù, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Fún orin ìyìn Yorùbá, ìdánrawò tó dára jù wà nínú ilé tẹ́lẹ̀: kí ọwọ́ ọ̀tún máa lu kóńkóló, ìlànà agogo tí gbogbo ìjọ mọ̀, lórí hi-hat, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì máa fi lílù mẹ́rin pín ìpín méjìlá rẹ̀ dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn onílù tí ẹ ń yìn kò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan kí ẹsẹ̀ tó sá tẹ̀ lé ọwọ́. Ibẹ̀ ni orin ti ń sáré mọ́ akọrin lọ́wọ́, tí wọ́n á wá ní ẹ̀mí ló gbé wọn.

Tony Allen, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1940, tó sì kú ní Paris ní 2020, ni ayé mọ̀ sí ẹni tó fi dúrọ́ọ̀mù gbé Afrobeat ró lẹ́yìn Fẹlá. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé rédíò. Kò sí olùkọ́ tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹ̀bùn tó òun. Ó ka ohun tí Max Roach, onílù jazz kan, kọ nípa hi-hat nínú ìwé ìròyìn orin jazz, ó fi kọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí. Nígbà tó dé Los Angeles pẹ̀lú Fẹlá ní 1969, tó ti ń lùlù jẹun tipẹ́, onílù jazz kan tó ń jẹ́ Frank Butler gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi ìrọ̀rí dánra wò, nítorí pé ìrọ̀rí kì í ta ọ̀pá padà, gbogbo ìgbésókè sì di iṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti lókìkí padà sídìí ìrọ̀rí, ọmọ ọdún 14 tó gba àtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde ni wọ́n ń sọ fún pé ó ti mọ̀ ọ́n tán.

Nítorí náà, àwọn ohun tí lẹ́tà yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ má gbé ọmọ kankan sórí àga ìlù fún ìsìn mọ́ àfi tó bá lè lu lílù ìpìlẹ̀ mẹ́rin òkè wọ̀nyẹn lórí rọ́bà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ìgbà, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, ní ìwọ̀n 60 sí ìṣẹ́jú, fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìyẹsẹ̀. Kí ìlà owó olùkọ́ wọ ìwé ìnáwó kí ìlà owó ìlù tó wọ̀ ọ́. Bí owó kò bá tó méjèèjì, kí ìlù tuntun dúró. Kí wọ́n ra ọ̀pá tó bá ọwọ́ ọmọdé mu, 7A tó fúyẹ́, dípò 5B nínípọn tó ti ya tí wọ́n fi téèpù dì, kí wọ́n sì rẹ àga sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó pẹ́dà. Kí wọ́n ra ohun ìdí-etí. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọbìnrin jókòó níbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí lẹ́tà yìí là sílẹ̀ tí ọwọ́ ọmọbìnrin kò lè ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣì kù, bóyá òun ló sì wúwo jù. Ẹ̀yin mọ ìtàn tó wà láàrin ìjọ àti ìlù Yorùbá, bí àwọn míṣọ́nárì ìgbà kan ti kà á sí ohun òrìṣà, àti bí ó ti pẹ́ tó kó tó rí àyè wọlé. Lónìí, ẹ ń pe alágángan wá sí ìdúpẹ́, ẹ ń ná an lówó, ẹ sì ń jẹ́ kó máa lọ. Ẹ pè é padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ san owó fún un láti fi bí wọ́n ṣe ń di ohun kan mú láìyẹsẹ̀ han àwọn ọmọ dúrọ́ọ̀mù yín, bí etí ṣe ń ṣíwájú ọwọ́, bí a ṣe ń dákẹ́. Olùkọ́ tó mọ lílù ìpìlẹ̀ òyìnbó àti Àyàn tó mọ ti ilé, bí wọ́n bá jókòó ti ọmọ kan náà, ẹ ó rí onílù.

Bí ẹ bá kọ̀, kì í ṣe èpè ni èyí, ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ni: àwọn tó mọ̀ díẹ̀ nínú àwọn onílù yín ti ń ṣí lọ sí ìjọ tó ń sanwó tàbí sí ilé ijó, àwọn tí ọwọ́ ń ro ti ń pa ìlù tì kí wọ́n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àwọn olùdarí orin tó ti sú sì ti ń ti ìlù inú kọ̀ǹpútà bọ orin, tí ọmọ á wá jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù olówó gọbọi bí ẹni ń ṣọ́ ọjà. Ìkórè ọdún yìí kò ní pẹ́ dé. Nígbà tí alága bá ka ìwé ìnáwó jáde, tó bá kan orí orin, kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó béèrè pé níbo ni owó olùkọ́ wà, kó má sì jókòó títí tí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀.